Bí A Ṣe Ń Wá Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Gíríìkì Inú Májẹ̀mú Tuntun Láì Túmọ̀ Rẹ̀ Sódì

Ó wọ́pọ̀ kí a gbọ́ ọ lórí àga ìwàásù pé: “Ní èdè Gíríìkì, ohun tí ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí gan-an ni…” Ìjọ á dákẹ́ rọ́rọ́, àwọn kan á sì yára kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá délé tó lọ yẹ̀ ẹ́ wò yóò rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé ohun tí a sọ kò sí nínú ẹsẹ̀ náà rárá. Ńṣe ni a tú ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, tí a sì pe èyí tó wù wá nínú wẹ́wẹ́ náà ní ìtumọ̀. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí níwájú kíláàsì ẹ̀kọ́ Bíbélì, ó sì dùn mí nígbà tí mo mọ̀ pé àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi ti lọ fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ìwé atúmọ̀ èdè Gíríìkì ti wà lórí fóònù gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ẹni tí a kọ́ bí a ṣe ń lò ó.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, oníwàásù, àti ẹnikẹ́ni tó ń ka Bíbélì Yorùbá láì gbọ́ Gíríìkì ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ó mú rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìyẹn monogenēs, tí àwọn atúmọ̀ Bíbélì wa pè ní “bíbí kan ṣoṣo” nínú Jòhánù 3:16. A ó sì máa yà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn níbi tí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ti sábà máa ń yọ̀.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

• Bíbélì Yorùbá méjì, ó kéré tán. Bíbélì Mímọ́ ti àtijọ́ àti Bíbélì Mímọ́ ní Èdè Yorùbá Òde-Òní bá ara wọn mu dáadáa fún iṣẹ́ yìí. Ibi tí àwọn méjèèjì bá ti yàtọ̀ síra ni kí ẹ fi àmì sí.

• Fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tó ní íntánẹ́ẹ̀tì. STEP Bible, tí àwọn onímọ̀ Tyndale House ní ìlú Cambridge ṣe, àti Blue Letter Bible jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ti tó.

• Nọ́ńbà Strong. Nínú ìwé atọ́ka ọ̀rọ̀ tí James Strong tẹ̀ jáde ní ọdún 1890, ó fún ọ̀rọ̀ Gíríìkì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Lónìí, lẹ́tà G ni a máa ń kọ síwájú nọ́ńbà náà. Ti monogenēs ni G3439.

• Ìwé atúmọ̀ èdè Gíríìkì. Ti Thayer wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Blue Letter Bible. Ti Liddell àti Scott, tó gba Gíríìkì ayé àtijọ́ tó wà lẹ́yìn òde Bíbélì mọ́ra, wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú Perseus, àkójọ ìwé tó wà ní Yunifásítì Tufts. Ẹni tó bá lágbára owó lè ra èyí tí a ń pè ní BDAG, tí ẹ̀dà rẹ̀ kẹta jáde ní ọdún 2000. Kò sí èyí tó dára jù ú lọ fún Májẹ̀mú Tuntun. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ gbogbo wọn.

• Ìwé àjákọ tí ẹ fa ìlà sí, kí ó ní òpó mẹ́rin: ẹsẹ̀ Bíbélì, ẹni tàbí ohun tí a lo ọ̀rọ̀ náà fún, bí Bíbélì Yorùbá ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, àti ohun tí ẹ rí níbẹ̀.

Ẹ kò nílò láti gbọ́ Gíríìkì, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ lẹ́tà rẹ̀ mẹ́rìnlélógún kà. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn lẹ́tà tó jọ tiwa tí kì í ṣe tiwa: ν kì í ṣe v, n ni, ρ kì í ṣe p, r ni, η kì í ṣe n, fáwẹ̀lì tí a fà gùn ni, ω kì í sì í ṣe w, o tí a fà gùn ni. Ẹ má fojú fo àwọn àmì tó wà lórí lẹ́tà. Kò yẹ kí ẹni tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ fi ojú kékeré wo àmì. Ní Gíríìkì, ἀλλά ni “ṣùgbọ́n,” ἄλλα sì ni “àwọn nǹkan mìíràn”. Lẹ́tà wọn kò yàtọ̀, àmì orí wọn ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ṣí Jòhánù 1:1 ní Gíríìkì. Bí ẹ bá lè ka ἐν ἀρχῇ ἦν ὁ λόγος sókè gẹ́gẹ́ bí “en archē ēn ho logos” láì wo lẹ́tà tiwa, ẹ ti ṣe tán.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mú gbólóhùn, ẹ má mú ọ̀rọ̀ nìkan

Ẹ kọ ẹsẹ̀ náà jáde lódindi, pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjì tó ṣáájú rẹ̀ àti méjì tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìbéèrè kan tí ẹ fẹ́ kí ìwádìí náà dáhùn. Ìbéèrè tèmi lórí Jòhánù 3:16 ni pé: ṣé ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń tẹnu mọ́ ni pé a bí Ọmọ náà, àbí pé Ọmọ náà kò ní ẹlẹgbẹ́? Ẹni tí kò bá ní ìbéèrè yóò kó gbogbo ohun tó bá rí nínú ìwé atúmọ̀ èdè wá sílé, yóò sì rò pé òun ti wa jinlẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ka ìbéèrè yín sí ẹnìkan tí kò mọ Gíríìkì rárá létí. Bí ó bá mọ ohun tí ẹ ń wá, ẹ tẹ̀síwájú.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wá ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà lẹ́yìn ti Yorùbá

Bíbélì Yorùbá kò ní nọ́ńbà Strong lára, nítorí náà ẹ ó kọ́kọ́ gba inú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì kọjá. Ẹ ṣí ẹsẹ̀ náà nínú Bíbélì King James, nítorí pé òun ni Strong ṣe ìwé atọ́ka rẹ̀ fún, kí ẹ sì tẹ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá. Nọ́ńbà rẹ̀ yóò jáde, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà.

Ibi méjì ni àwọn ènìyàn ti máa ń ṣìnà níhìn-ín. Èkíní ni pé wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kan bá ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan dọ́gba. “Bíbí” àti “kan ṣoṣo” dà bí ọ̀rọ̀ méjì lójú wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan ṣoṣo ló bí àwọn méjèèjì. Ní òdìkejì, “ọ̀rọ̀” nínú Bíbélì wa lè dúró fún logos (G3056), ó sì lè dúró fún rhēma (G4487). Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò.

Èkejì ni pé ọ̀rọ̀ Gíríìkì máa ń yí ìrù padà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó ń ṣe nínú gbólóhùn. Nínú Jòhánù 3:16, μονογενῆ ni ẹ ó rí, nítorí pé Ọmọ náà ni ẹni tí a fi fúnni; ṣùgbọ́n μονογενής ni ẹ ó bá nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ohun mẹ́ta ló yẹ kó wà nínú ìwé yín báyìí: ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà nínú ẹsẹ̀, bó ṣe wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè, àti nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ ṣí Jòhánù 3:18. Bí ẹ bá rí G3439 níbẹ̀ pẹ̀lú ìrù tó tún yàtọ̀, ìyẹn μονογενοῦς, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ kò ṣìnà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ka ìwé atúmọ̀ èdè bí ẹni tó ń yan ọ̀kan, kì í ṣe bí ẹni tó ń kó gbogbo rẹ̀

Ẹ ronú nípa “jẹ” tiwa. Adé jẹ iyán, Adé jẹ gbèsè, Adé jẹ ìyà, Adé jẹ oyè. Bí àlejò kan bá kọ́ Yorùbá láti inú ìwé, tí ó sì gbọ́ pé Adé jẹ oyè, tó wá dìde níwájú ìjọ láti kéde pé “jẹ” jinlẹ̀ gan-an, pé Adé fi oyè ṣe oúnjẹ, ó jẹ ẹ́ ní gbèsè, ó sì jìyà rẹ̀, ẹ ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kò gbọ́ èdè wa. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi Gíríìkì ṣe nìyẹn. A ó rí ìtumọ̀ márùn-ún lábẹ́ nọ́ńbà kan, a ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú ẹsẹ̀ kan. Ní gbólóhùn kan, ọ̀rọ̀ kan sábà máa ń ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ wo dynamis (G1411). Nínú Rómù 1:16, agbára Ọlọ́run ni. Nínú Mátíù 11:20, iṣẹ́ ìyanu tí Jésù ṣe ni. Nínú Mátíù 25:15, nígbà tí ọ̀gá pín tálẹ́ńtì fún àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìwọ̀n ohun tí ẹnìkọ̀ọ̀kan lè ṣe ni. Nínú 1 Kọ́ríńtì 14:11, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí kò gbọ́ èdè tí ẹnìkejì ń sọ, dynamis ohùn náà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè da iṣẹ́ ìyanu pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ yẹn.

Ìkìlọ̀ kan tún wà tó kan ìwé Strong fúnra rẹ̀. Ní òpin àlàyé lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó to ọ̀nà tí Bíbélì King James gbà túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àwọn atúmọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Lábẹ́ G3439, ẹ ó rí i pé King James lo “bíbí kan ṣoṣo” ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìgbà 6, ó sì lo “kan ṣoṣo” láì fi bíbí kún un ní ìgbà 3. Àwọn kan á wo ìyẹn, wọ́n á ní mẹ́fà ti borí mẹ́ta. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń dìbò fún. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni ìdí tí àwọn atúmọ̀ fi rí ìyàtọ̀ láàárín ibi mẹ́fà àti ibi mẹ́ta, nígbà tí ọ̀rọ̀ Gíríìkì kò yàtọ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ kọ ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ẹ rí, kí ẹ sì kọ ẹsẹ̀ kan síwájú rẹ̀. Ẹ fa ìlà pa èyí tí ẹ kò bá rí ẹsẹ̀ fún.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ kó gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti fara hàn jọ

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Bí ẹ kò bá ní àyè fún ju ìgbésẹ̀ kan lọ, èyí ni kí ẹ ṣe. Ibi tí àwọn tó ni èdè ti lo ọ̀rọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ ń gbé, kò sì sí ìwé atúmọ̀ èdè kankan tó gba ọ̀nà mìíràn mọ ohun tó mọ̀.

Mo yan monogenēs nítorí pé ìgbà 9 péré ló wà nínú Májẹ̀mú Tuntun; ẹ lè ka gbogbo rẹ̀ tán ní ìrọ̀lẹ́ kan. Nínú Lúùkù 7:12, ọmọkùnrin opó Náínì tí wọ́n ń gbé lọ sin ni. Nínú Lúùkù 8:42, ọmọbìnrin Jáírù ni, tó tó ọmọ ọdún méjìlá. Nínú Lúùkù 9:38, ọmọ ọkùnrin kan tí ẹ̀mí àìmọ́ ń dá lóró ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló wà nínú Ìhìn Rere Jòhánù fún Jésù, ní 1:14, 1:18, 3:16 àti 3:18. Ẹ̀ẹ̀kan nínú 1 Jòhánù 4:9, fún Jésù bákan náà. Ẹ̀kẹsàn-án wà nínú Hébérù 11:17, níbi tí a ti lò ó fún Ísáákì.

Ẹ dúró lórí ti Ísáákì, nítorí òun ló tú koko náà. Ábúráhámù ti bí Íṣímáẹ́lì kí ó tó bí Ísáákì. Ẹni tó kọ ìwé Hébérù mọ ìtàn yìí dáadáa, síbẹ̀ ó pe Ísáákì ní monogenēs. Bí ọ̀rọ̀ náà bá túmọ̀ sí “ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá bí,” irọ́ ni yóò jẹ́. Ohun tí ó fi ń sọ ni pé nínú àwọn ọmọ Ábúráhámù, kò sí ẹlòmíràn ní ipò tí Ísáákì wà. Òun nìkan ni ọmọ ìlérí, ẹsẹ̀ tó tẹ̀lé e sì sọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Nínú ìtàn mẹ́ta inú Lúùkù, ohun tó mú ọkàn gbọgbẹ́ ni pé kò sí ọmọ mìíràn nílé. Ohun tó so gbogbo wọn pọ̀ ni jíjẹ́ ọ̀kan ṣoṣo tí kò sí irú rẹ̀ mìíràn lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jáde lọ sínú Septuagint, ìyẹn Májẹ̀mú Láéláé ní èdè Gíríìkì, nítorí pé inú rẹ̀ ni àwọn tó kọ Májẹ̀mú Tuntun ti ń ka ìwé mímọ́. STEP Bible ní i. Ẹ ó rí ọmọbìnrin Jẹ́fítà tí a pè ní monogenēs nínú Àwọn Onídàájọ́ 11:34. Ẹ ó sì rí ohun tí ẹ lè má retí nínú Orin Dáfídì 25:16, níbi tí akọrin ti ń sọ fún Ọlọ́run pé òun dá wà, òun sì wà nínú ìpọ́njú: monogenēs ni ọ̀rọ̀ tó dúró fún “dá wà.” Kò sí bíbí níbẹ̀ rárá. Ẹ ṣọ́ra níhìn-ín, nítorí pé ọ̀pọ̀ orin nínú Septuagint fi nọ́ńbà kan dín sí ti Bíbélì wa. Orin 25 tiwa ni Orin 24 níbẹ̀, àwọn kan sì ti pa ìwádìí wọn tì nítorí pé wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ náà kò sí. Nínú lẹ́tà tí àwọn Kristẹni Róòmù kọ sí Kọ́ríńtì ní ìparí ọ̀rúndún kìíní, tí a mọ̀ sí 1 Klémẹ́ǹtì, ẹyẹ phoenix tí wọ́n gbà pé ọ̀kan ṣoṣo irú rẹ̀ ló wà láyé ni a pè ní monogenēs.

Bí ọ̀rọ̀ tí ẹ yàn bá pọ̀ jù, ẹ má ṣe mú ibi mẹ́ta tó bá ohun tí ẹ ti gbàgbọ́ mu kí ẹ sì ju ìyókù nù. Ekklēsia (G1577), ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn “ìjọ,” wà ní ìgbà 114. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé kan, kí ẹ ka gbogbo ti inú rẹ̀ tán.

*Àyẹ̀wò:* Ó kéré tán, ẹ gbọ́dọ̀ rí ibì kan tó ta ko èrò tí ẹ mú wá. Bí ẹ kò bá rí ọ̀kankan, ẹ padà lọ wò bóyá ẹ ti fo àwọn ibì kan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìsinsìnyí ni kí ẹ tó béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló fi èyí ṣe ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣìnà. Ẹ gbọ́ ìtàn tí àwọn àgbà máa ń sọ pé “ìyàwó” wá láti inú “ìyà Ìwó,” ìyà tí ọkùnrin kan jẹ ní ìlú Ìwó nítorí obìnrin tó fẹ́ fẹ́. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, nígbà tí ẹnìkan bá ní “ìyàwó mi ti ti ọjà dé,” kò sí ẹni tó ń ronú nípa Ìwó tàbí ìyà. “Bàbá ìsàlẹ̀” kì í sì í ṣe bàbá tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀. Bí èdè wa ṣe rí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn Gíríìkì.

Ẹ wo hypēretēs (G5257), tó wà nínú 1 Kọ́ríńtì 4:1. Wọ́n a máa wàásù pé hypo ni “lábẹ́,” eretēs ni “awakọ̀ ojú omi,” nítorí náà Pọ́ọ̀lù ń pe ara rẹ̀ ní ẹrú tó ń tukọ̀ nísàlẹ̀ ọkọ̀ ogun. Àwọn ẹ̀ka ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ìgbésẹ̀ kẹrin fún un: nínú Lúùkù 4:20, òun ni ẹmẹ̀wà sínágọ́gù tó gba ìwé lọ́wọ́ Jésù; nínú Jòhánù 18:3, òun ni àwọn oníṣẹ́ tí àwọn olórí àlùfáà rán láti mú un. Kò sí ọkọ̀ ojú omi níbì kankan. Olùrànlọ́wọ́ tó ń ṣe ohun tí ọ̀gá rán an ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ, ìyẹn sì ti tó fún ìwàásù tó dára.

Ẹ̀yà míràn àṣìṣe yìí ni kí a mú ọ̀rọ̀ tí a bí lẹ́yìn kí a fi túmọ̀ èyí tó bí i. Alfred Nobel ló mú orúkọ dynamite láti inú dynamis nígbà tó gba ìwé ẹ̀rí ohun abúgbàù rẹ̀ ní ọdún 1867. Kò ṣeé ṣe kí Pọ́ọ̀lù ní ohun abúgbàù lọ́kàn nígbà tó pe ìhìn rere ní agbára Ọlọ́run sí ìgbàlà. Ohun abúgbàù a máa wó ilé ni, ẹsẹ̀ yẹn sì ń sọ̀rọ̀ nípa gbígba ènìyàn là.

Ti ekklēsia náà wọ́pọ̀: ek ni “jáde,” kaleō ni “pè,” nítorí náà ìjọ ni “àwọn tí a pè jáde kúrò nínú ayé.” Ẹ̀kọ́ pé Ọlọ́run pe àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde wà nínú Bíbélì, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ọ̀rọ̀ yìí ló ń gbé. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 19:32 àti 41, ekklēsia ni àwọn èrò tó ya wọ gbọ̀ngàn ìlú Éfésù tí wọ́n fi wákàtí méjì pariwo orúkọ òrìṣà wọn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ mọ ohun tí wọ́n wá ṣe. Àpéjọ ni ọ̀rọ̀ náà. “Ìjọ” tiwa, tó wá láti inú “jọ,” sún mọ́ ọn ju àlàyé àwọn tó ń tú u wẹ́wẹ́ lọ.

Inú mi máa ń dùn sí metanoia (G3341), nítorí pé níbẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ti tàn. Meta ń tọ́ka sí ìyípadà, nous sì ni èrò inú, nítorí náà àwọn kan ń kọ́ni pé kí ènìyàn yí èrò padà nìkan ni, pé kò kan ìwà. Ẹ ka Lúùkù 3:8 dé 14. Jòhánù Onítẹ̀bọmi ní kí wọ́n so èso tó yẹ metanoia. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ohun tí wọn yóò ṣe, ó ní kí ẹni tó ní ẹ̀wù méjì fún ẹni tí kò ní, kí agbowó òde má gba ju iye tí a là sílẹ̀, kí ọmọ ogun má fi ipá gba tọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ìrònú wà níbẹ̀, ìwà tó yí padà sì ń tẹ̀lé e. Ẹ wá pe ọ̀rọ̀ Yorùbá náà sókè díẹ̀díẹ̀: ìrònúpìwàdà. Ronú, pa ìwà dà. Ẹni tó yan ọ̀rọ̀ yẹn ti wo bí a ṣe lo metanoia, kò dúró sórí ẹ̀ka rẹ̀ nìkan.

Ní ti monogenēs, monos ni “nìkan.” Ẹ̀ka kejì ni àríyànjiyàn wà lé lórí. Àwọn kan mú un lọ sọ́dọ̀ gennaō, “bí,” tó ní ν méjì, ṣùgbọ́n ν kan ló wà nínú ẹ̀ka kejì μονογενής, ìyẹn -γενής, genos ló sì bá tan, ìyẹn “ìran, ìdílé, irú.” Ẹ má yára yọ̀, nítorí pé genos àti gennaō jẹ́ ìbátan láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, àwọn onímọ̀ kan sì wà lónìí tí wọ́n ṣì ń jà fún un pé ìró bíbí kò kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà tán nígbà tí a bá lò ó fún Ọmọ Ọlọ́run. Ẹ̀ka ọ̀rọ̀ kò lè parí ẹjọ́ yìí. Ohun tí ẹ kó jọ ní ìgbésẹ̀ kẹrin ni ẹlẹ́rìí.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi ọwọ́ bo àlàyé ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Bí ìtumọ̀ tí ẹ mú bá ṣì dúró láti inú àwọn ẹsẹ̀ nìkan, ó dára. Bí ó bá wó, ẹ̀ka ọ̀rọ̀ nìkan ló gbé e ró.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ fi í wé àwọn ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́

Ìgbésẹ̀ yìí ń fi hàn bóyá ìyàtọ̀ tí a ń pariwo wà lóòótọ́. A gbọ́ pé agapē ni ìfẹ́ ti Ọlọ́run, pé phileō ni ìfẹ́ ọ̀rẹ́ lásán. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú Jòhánù 3:35, Baba fẹ́ Ọmọ, agapaō ni, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìṣe tó bá agapē tan. Nínú Jòhánù 5:20, Baba fẹ́ Ọmọ, phileō ni. Démà fẹ́ ayé yìí nínú 2 Tímótì 4:10, agapaō ni. Àwọn Farisí fẹ́ ipò ọlá: phileō ni Mátíù 23:6 pè é, agapaō ni Lúùkù 11:43 pè é. Èyí tó wúwo jù wà nínú Septuagint, 2 Sámúẹ́lì 13:15, níbi tí a ti lo agapē fún ohun tí Ámúnónì ní sí Támárì, ẹni tó fi ipá bá lò pọ̀. Ìfẹ́ Ọlọ́run ga ju gbogbo ìfẹ́ lọ, ṣùgbọ́n gbólóhùn bíi Rómù 5:8 ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ agapē nìkan.

Nítorí náà, ẹ rọra nínú Jòhánù 21:15 sí 17, níbi tí Jésù ti lo agapaō lẹ́ẹ̀mejì àti phileō lẹ́ẹ̀kan, tí Pétérù sì lo phileō ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Àwọn onímọ̀ tó gbà pé ìyàtọ̀ náà ní ìtumọ̀ wà. Ṣùgbọ́n nínú ẹsẹ̀ mẹ́ta yẹn kan náà, Jòhánù lo ọ̀rọ̀ méjì fún agbo ẹran, méjì fún bíbọ́ àti títọ́jú wọn, méjì fún mímọ̀. Ẹni tó bá kọ́ ẹ̀kọ́ kan lórí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ méjì gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìdí tí kò fi kọ́ irú rẹ̀ lórí àwọn yòókù. Lójú tèmi, ọgbọ́n ìkọ̀wé Jòhánù ni, bí akéwì wa ṣe ń yí ọ̀rọ̀ padà kí etí má baà sú.

Logos àti rhēma kò gba àkókò. Wọ́n ní logos ni ọ̀rọ̀ tí a kọ, rhēma ni ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀mí sọ sí ọkàn ẹni. Ẹ ka 1 Pétérù 1:23 sí 25: logos ni ní ẹsẹ̀ 23, rhēma ni ní ẹsẹ̀ 25, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kan náà ni Pétérù ń sọ. Nínú Mátíù 18:16, rhēma ni ọ̀ràn tó délé ẹjọ́, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń béèrè pé “kí ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀?”

*Àyẹ̀wò:* Ẹ wá ẹsẹ̀ kan tí a ti lo ọ̀rọ̀ méjèèjì fún ohun kan náà. Bí ẹ bá rí i, ẹ má ṣe fi ìyàtọ̀ wọn ṣe òpó ẹ̀kọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ dá ìtumọ̀ padà sínú ẹsẹ̀, ní Yorùbá

Ẹ kọ ìtumọ̀ yín ní gbólóhùn kan, kí ẹ sì fi dípò ọ̀rọ̀ náà ní gbogbo ibi tí ẹ kó jọ. Tèmi ni pé: “ọ̀kan ṣoṣo tí kò sí ẹlòmíràn ní ipò rẹ̀.” Ó bá ọmọ opó Náínì mu, ó bá Ísáákì mu, ó sì bá Jésù mu. “Tí a bí” nìkan kò bá Orin 25:16 mu. “Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí” kò bá Ísáákì mu.

Ṣé Bíbélì wa wá ṣì í ni? Ẹ má tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún ìjọ. Nílé tí ọmọ àgbàtọ́ bá wà, “ọmọ bíbí inú mi” ni òbí fi ń ya èyí tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an sọ́tọ̀. Nínú “Ọmọ bíbí rẹ̀ kan ṣoṣo,” bíbí ń ṣe iṣẹ́ ìyàsọ́tọ̀ yẹn létí Yorùbá. Ẹ má sì bẹ̀rù pé ẹ̀kọ́ kan yóò wó. Nínú ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí wọ́n ṣe ní Niséà ní ọdún 325, àwọn bàbá ìjọ lo ọ̀rọ̀ mìíràn, gennēthenta, láti sọ pé a bí Ọmọ láti ọ̀dọ̀ Baba, kí wọ́n tó fi monogenē tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ru ẹrù tirẹ̀.

Bí ìtumọ̀ yín bá jẹ́ èyí tí Bíbélì kankan kò lò rí, yálà ní Yorùbá tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹrin. Ẹ má sì gbé orúkọ Gíríìkì lọ sórí àga ìwàásù bí kò bá pọn dandan. Ẹ gbé ohun tó fi hàn lọ. Ẹni tó gbọ́ ìtàn Ísáákì àti Íṣímáẹ́lì lẹ́nu yín yóò mọ ohun tí monogenēs jẹ́ láì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rárá.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ka Jòhánù 3:16 pẹ̀lú ìtumọ̀ yín sí ẹni tí ẹ ka ìbéèrè yín sí létí ní ìgbésẹ̀ kìíní. Ẹ ní kó dá ìbéèrè náà lóhùn láti inú ẹsẹ̀ náà fúnra rẹ̀, láì jẹ́ pé ẹ ṣàlàyé ohunkóhun fún un.